Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún; wọ́n tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò tí ì gbọ́ òwe tó sọ bí a ti í jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán ni, tí kò sì sí ẹni tó ń dúró dè é níbi tí a ń lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo jẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Èbìbí, lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, èmi tí mo ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́, tí orúnkún mi sì ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Òun náà ni mo sì fẹ́ ròyìn fún yín lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Ọmọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ó sì wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi ní Ìsẹ́yìn, Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹ̀bẹ̀dí, ìlú tí ariwo òfì kì í jẹ́ kí ọ̀lẹ sùn dọ́sàn-án. Ó bá mi níwájú àwòrán ilẹ̀ Yorùbá tí mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí mo gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ mi nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Dádì, nínú gbogbo ibi tó wà nínú àwòrán yìí, èwo lẹ ti dé rí láìní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀?" Mo fẹ́ fi ẹ̀rín gbá a dànù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fara balẹ̀ ka ìrìn àjò ayé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé Ọ̀yọ́ ni mo lọ nítorí ìdánwò, Òkèhò nítorí ìyàwó, Ìbàdàn nítorí owó oṣù tí kò dé, Adó-Àwáyè nítorí pé mo ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ wo Ìyákè, adágún tó wà lórí òkè, gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ kò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí ọ̀rọ̀ so mọ́ ara wọn lọ, ohun tó sì wà láàárín okùn kan àti èkejì, bí ẹni pé Ọlọ́run kò tí ì dá a ni lójú mi. Èmi tí mo fi jógíráfì jẹun! Ojú tì mí díẹ̀. N kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Ó wá sọ fún mi pé eré kan wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe káàkiri ayé nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, geohashing ni wọ́n ń pè é. Àwa méjèèjì, nítorí pé ahọ́n mi kò gba orúkọ náà, "ojúkò" ni a ń pè é láàárín ara wa, òun àti ibi tí ìṣirò rẹ̀ bá ní kí ènìyàn lọ lọ́jọ́ kan, orúkọ náà ni mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi láyè láti máa lò.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ fojú inú wo ayé bí ẹrù tí wọ́n fi okùn dì ní ìbú àti ní òòró. Àwọn onímọ̀ ti fa àwọn ìlà kan tó dábùú ayé, wọ́n ń ka dígíríì wọn láti agbedeméjì ayé lọ sí àríwá àti sí gúúsù. Wọ́n sì fa àwọn mìíràn tó ti orí ayé wá sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n ń kà láti Greenwich nítòsí London lọ sí ìlà-oòrùn àti sí ìwọ̀-oòrùn. Níbi tí àwọn ìlà wọ̀nyí bá ti gba ara wọn kọjá, wọn a di àpótí onígun mẹ́rin. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, àpótí kan gùn tó nǹkan bí 111 kìlómítà láti gúúsù dé àríwá, ìbú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ìlà òòró ti ń sún mọ́ ara wọn bí wọ́n ti ń gòkè lọ, ìbú àpótí kò ju nǹkan bí 68 kìlómítà lọ. Àpótí tiwa, èyí tí wọ́n ń fi 7 àti 3 pè, gba Ìbàdàn, ó gba Abẹ́òkúta, ó gba Ọ̀yọ́ Aláàfin, ó gba Ìsẹ́yìn àti Igbó-Ọrà, ó sì ṣẹ́ ku oko àti ìgbẹ́ lọ súà. Ní Tema, ní orílẹ̀-èdè Gáná, ìlà Greenwich la ìlú kọjá. Nítorí pé iye kan náà ni wọ́n ń kà lọ sí ọ̀tún àti sí òsì rẹ̀, ojúkò méjì tó wà lápá ibẹ̀ máa ń kọjú sí ara wọn lójoojúmọ́ bí ènìyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí. Ó wù mí kí n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀gbẹ́ni Randall Munroe, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti bá àjọ NASA ṣiṣẹ́ rí kí ó tó gba iṣẹ́ yíya àwòrán apanilẹ́rìn-ín, ló gbé ìlànà náà jáde nínú xkcd, àwòrán rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí ọdún 2008. Ohun tó ń wá ni pé kí ojúkò kan ṣoṣo wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ̀ ọ́n títí ọjọ́ náà yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ kí gbogbo ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ dé ibì kan náà láìjẹ́ pé wọ́n gbìmọ̀. Nítorí ẹ̀dá ni ẹ̀dá í ṣe: bí ẹ bá ní kí ó yan ibi tó wù ú, ibi tí ọ̀nà ti dán tí omi tútù sì ti wà ni yóò yàn, bí ẹ bá sì fi yíyàn náà sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, òṣùwọ̀n ọ̀rẹ́ ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Munroe wá so ohun méjì pọ̀, déètì ọjọ́ náà àti iye tí òdiwọ̀n Dow Jones fi bẹ̀rẹ̀ ọjà ìpín ìdókòwò ní New York láàárọ̀. Láti ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí ọdún 1896 ni òdiwọ̀n yìí ti wà, ilé-iṣẹ́ 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, 30 ni wọ́n ń kà nísinsìnyí, kò sì sí ọlọ́gbọ́n ayé tó lè sọ iye tí yóò jẹ́ lọ́la dé orí sẹ́ǹtì tó kẹ́yìn; bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni yóò máa gùn.

Déètì àti iye yìí ni wọ́n ń dà sínú ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní MD5, èyí tí Ronald Rivest ṣe ní ọdún 1991. Ẹ̀yin ìyá wa ni yóò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. Bí ẹ bá da ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà sínú ẹ̀rọ ìlọta, ohun tó ń tú jáde lódìkejì kò jọ èyíkéyìí nínú wọn mọ́, kò sì sí bí a ti lè lọ̀ ọ́ padà kí ó di odidi ata. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni MD5 ń lọ nọ́ńbà. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ata ni pé ohun kan náà tí a bá dà sí i ní Èkó àti ní Tókíò, ohun kan náà ni yóò tú jáde láìyẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá yí sẹ́ǹtì kan péré padà, gbogbo àbájáde rẹ̀ ni yóò dàrú.

Àpẹẹrẹ tí Munroe fúnra rẹ̀ ṣe, ọjọ́ 26 oṣù Èbìbí ọdún 2005 ló fi ṣe é, nígbà tí ọjà ṣí ní 10458.68. Ohun tó tú jáde jẹ́ àmì 32. Wọ́n là á sí méjì, 16 níhìn-ín, 16 lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn àmì náà sì jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi 16. Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ Ifá, mo mọ̀ pé etí yín ti nà. Nígbà tí ọmọ náà ṣàlàyé dé ibẹ̀, èmi náà pariwo pé ojú odù mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n ń pàdé ara wọn títí tí wọ́n fi ń di 256. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà kò béèrè lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà. Èmi náà kò sọ pé wọ́n béèrè. Ohun tí mo rí ni pé bí babaláwo ti ń fi ikin mú ìfẹ́ inú ara rẹ̀ kúrò nínú ìdáhùn, kí a má baà ní òun ló ń dá a sọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi ọjà New York mú ìfẹ́ inú gbogbo wa kúrò nínú ìrìn àjò. Àmọ́ odù ní ẹsẹ̀, ó ní ìtàn, ó sì ní ẹbọ, nígbà tí àmì 32 wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ènìyàn sọ ju pé kó dìde kó lọ.

Apá kìn-ín-ní àbájáde náà fi lẹ́tà d bẹ̀rẹ̀, èyí tó dúró fún 13 nínú ìkà onímẹ́rìndínlógún. Bí ènìyàn bá pín àpótí sí ọ̀nà 16 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tó ka 13, á rí i pé òun ti gòkè kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ó ti sún mọ́ orí. Apá kejì fi 8 bẹ̀rẹ̀, 8 nínú 16 sì ni ìdajì, nítorí náà agbedeméjì láàárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni. Àwọn àmì tó tẹ̀ lé e kàn ń tún un rẹ́ ni, bí káfíńtà ti ń fi ránńdà rẹ́ pákó, títí tó fi di 0.857713 àti 0.544543. Nọ́ńbà méjì yìí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi kún nọ́ńbà àpótí tirẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará San Francisco, ó bọ́ sí ìhà àríwá Golden Gate. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, tiyín wà ní àríwá ìlú yín, nǹkan bíi kìlómítà 10. Ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé tiyín, kò tó kìlómítà 8. Ṣàgámù, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, ti àpótí tó wà ní gúúsù yín ló sún mọ́ yín jù, nǹkan bí 20 kìlómítà. Tiwa, 7.857713 àti 3.544543, bọ́ sínú ìgbẹ́ tó wà ní gúúsù Ìsẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ yà díẹ̀ sí ọ̀nà Adó-Àwáyè tó sì tún yí èrò rẹ̀ padà, nǹkan bíi kìlómítà 14 bí a bá na okùn tààrà.

Kí ẹni tó mọ òfin eré náà má baà dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó yẹ kí n sọ pé ojúkò ọjọ́ náà gan-an ni ó yẹ kí a lọ, kì í ṣe ti ọdún 2005. Nítorí pé oòrùn ti máa ń ràn lọ́dọ̀ wa kí New York tó jí, òfin kan tó dé lẹ́yìn tí eré náà bẹ̀rẹ̀ sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn ìlà 30 ti ìwọ̀-oòrùn Greenwich yóò máa lo iye ọjà ti àná. Ọjà kì í sì í ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè, nítorí náà ẹni tó bá ti rí iye ti ọjọ́ Ẹtì, ó ti mọ ibi tí yóò lọ títí di Mọ́ńdè. A ṣe ìṣirò náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojúkò Sátidé sì jìnnà kọjá agbára orúnkún mi. Àwọn eléré náà gbà kí ènìyàn máa fi ọjọ́ tó ti kọjá ṣe é bí ó bá wù ú. Ti ọdún 2005 yìí ni a wá mú, mo sì sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kẹ̀kẹ́ tèmi, Raleigh dúdú kan tó ti Nottingham wá, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Tọmọ náà, onígíà ni, ó yá a lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin kan ládùúgbò wa. A mú omi, a mú mọ́ínmọ́ín tí ìyàwó mi sè, a mú páńpù, gọ́ọ̀mù àti àjákù túùbù tí a ó fi lẹ̀ bí táyà bá jò. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà ni mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìhà ibẹ̀, mo júwe ibi tí a ń lọ fún wọn, nítorí ìgbẹ́ òde òní kì í ṣe ti ìgbà èwe wa, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ láìdágbére, ọgbọ́n rẹ̀ kò kún.

Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí a jáde. Òkè Ẹ̀bẹ̀dí wà lẹ́yìn wa, ìkùukùu fi orí rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí, àwọn lékèélékèé sì ń fò lọ síbi tí màlúù ti ń jẹ̀. A kò lò ju ìlàjì wákàtí lọ lórí ọ̀dà kí a tó yà sí ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti la ojú rẹ̀ bí ẹni kọ ilà fún un, àgbàdo ní ọ̀tún tó ti dé orúnkún, ẹ̀gẹ́ lósì, àti iṣu tó ti ń gun igi lórí ebè. Ohun tí mo fẹ́ràn lára kẹ̀kẹ́ ni pé kì í yára débi tí ojú kò fi ní rí nǹkan, kì í sì í falẹ̀ débi tí ọkàn yóò fi máa ro ti ẹsẹ̀. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, ó ń rí ohun tó wà lẹ́yìn koríko, kò sì sí gíláàsì kankan láàárín òun àti ẹni tó ń kí i. Gbogbo ẹni tí a bá pàdé ló kí wa, gbogbo wọn ló sì bi wá pé, "Ṣé kò sí o?" Kò sí, la ń wí. Ó ya obìnrin kan tó ru igi ìdáná lẹ́nu débi pé ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó lè wò wá dáadáa.

Ẹ̀gún ló dá wa dúró. Táyà ẹ̀yìn Raleigh mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àmàlà. A dojú kẹ̀kẹ́ dé lábẹ́ igi ẹmì kan, igi tí àwọn ìyá wa ń fi kóró èso rẹ̀ ṣe òrí, mo sì fi ṣíbí méjì yọ táyà kúrò lára rííìmù bí bàbá mi ti kọ́ mi, nítorí ṣíbí kì í gé túùbù bí irin mìíràn. Omi àgbàrá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. A fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí túùbù, a rì í sínú omi náà díẹ̀díẹ̀ yíká, títí a fi rí ibi tí omi ti ń hó pèrèpèrè. Mo fi òkúta ha ojú ibẹ̀ kí ó lè ṣe wálewàle, mo fi gọ́ọ̀mù ra á, mo tún fi ra àjákù náà, mo sì sọ fún ọmọ yìí pé kí ó má ì tíì lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí gọ́ọ̀mù kọ́kọ́ gbẹ débi tí kò ní bá ìka wá mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà lè dúró. Àwọn ọmọ ayé kọ̀ǹpútà! Níbi tí a ti ń dúró de gọ́ọ̀mù ni èso ẹmì kan ti já bọ́ sórí ewé gbígbẹ níwájú wa. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni, kò fẹnu kan ẹmì rí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ní kékeré ni ìyá rẹ̀ fi òrí pa á lára. Mo bó èèpo aláwọ̀ ewé rẹ̀ fún un, ó jẹ ẹran ara rẹ̀ tó dùn tó sì rọ̀, ó tún mú òmíràn, ó tún mú òmíràn, àparò sì ń ké lẹ́bàá ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń jẹ ohun ìní rẹ̀.

Nígbà tó kù ní nǹkan bí 300 mítà, fóònù nà wá sí inú oko iṣu kan. Bàbá àgbàlagbà kan wà lẹ́nu ahéré rẹ̀, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àgbàlagbà tó ju èmi gan-an lọ dáadáa. Òfin eré náà sọ pé bí ojúkò bá bọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ènìyàn tọrọ àyè, bí wọn kò bá sì gbà, kí ó padà sílé. Ṣùgbọ́n n kò rò pé ó yẹ kí Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ Yorùbá bí a ti í pe àgò. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi dùbúlẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àgò onílẹ̀ o."

"Àgò yà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ìjọba ni yín?"

"Rárá o, bàbá. Ará Ìsẹ́yìn ni wá."

"Ilẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀n?"

"A kò wọn ilẹ̀ o."

"Kí ló wá sọnù?"

Ọmọ náà ṣàlàyé. Ó sọ̀rọ̀ dé New York, ó sọ̀rọ̀ dé orí sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè wa, bàbá fetí sílẹ̀ títí tó fi parí, ó wá kọjú sí mi bí àgbà ti í kọjú sí àgbà bí ọmọdé bá ti sọ tirẹ̀ tán, ó ní, "Ta ló rán yín?" Mo ní kò sí ẹni tó rán wa. Ó ní, "Ta lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?" Mo ní kò sí. Bàbá ronú díẹ̀, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó ní, "Ó yẹ kí n sìn yín lọ nígbà náà, kí ẹ lè bá ẹnì kan níbẹ̀."

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ó yẹ kí ẹ rí bí a ti ṣe láàárín ebè iṣu náà. Nọ́ńbà ìkẹfà lẹ́yìn désímà kò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 11 lọ lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù ọwọ́ ènìyàn lè ṣìnà tó mítà márùn-ún, bí igi bá sì ṣíji bo ojú ọ̀run ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun yóò lé nọ́ńbà tó kẹ́yìn bá, òjìji ara rẹ̀ ló ń lé. Síbẹ̀ ọmọ náà lé e. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, nọ́ńbà sá sí ọ̀tún. Ó yí sí ọ̀tún, nọ́ńbà padà sẹ́yìn. Bàbá ń tẹ̀ lé e, ó ń pariwo pé, "Ẹ rọra, ẹ má tẹ ọ̀mùnú iṣu mi," èmi náà sì ń tẹ̀ lé bàbá. Bí ẹni bá wò wá lókèèrè, yóò ní ìjọ tuntun kan ló dé. Nígbà tó yá, ọmọ náà dúró, ó ní, "Ibí ni."

Àárín ebè méjì ni. Àpáàdì kan wà níbẹ̀, èèrà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sí nǹkan mìíràn. Mo wò yíká. Inú mi dùn, n kò sì mọ ohun tó mú kí ó dùn. Bàbá fi ẹnu ọkọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Ìdí Ẹmì nìyí."

Mo wá ẹmì kiri, n kò rí. Mo ní, "Ẹmì ọ̀hún dà, bàbá?"

"Wọ́n ti gé e kí wọ́n tó bí mi."

Àwa tí a mọ Ìdí-Ìrókò ní ẹnubodè, àwa tí a mọ Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn àti Ìdí-Àràbà ní Èkó, a mọ bí àwọn bàbá wa ti í sọ ibì kan lórúkọ, ṣùgbọ́n n kò dúró rí lórí ọ̀kan tí igi rẹ̀ ti lọ tí kò sì sí ìlú tó rọ́pò rẹ̀, tí ẹnì kan péré ṣì ń fi ẹnu pe orúkọ náà mọ́ ilẹ̀. Bàbá nàka káàkiri oko rẹ̀, ó ń dá wọn pè: Ìdí Ẹmì, Ojú Ọlọ, Ẹ̀bá Ayín, Ibi Tí Ẹfọ̀n Kú Sí. Ẹfọ̀n! Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti rí ẹfọ̀n lápá ibẹ̀. Ọlọ náà, òkúta pẹrẹsẹ kan ni, koríko ti bò ó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ebè, mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, àṣé ó ń tẹ àwọn orúkọ náà sínú fóònù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ń bi bàbá bóyá ẹfọ̀n náà kú ní ìhín odò ni àbí ní ọ̀hún odò.

Bàbá ní kí ó wá ka nọ́ńbà ahéré òun fún òun pẹ̀lú. A padà lọ síbẹ̀, ọmọ náà kà á, bàbá sì mú èédú nínú ààrò, ó ní kí n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, nítorí tísà ni mí, ọwọ́ mi yóò gún. Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ṣé kì í yí padà, èyí?"

"Kì í yí padà, bàbá."

"Bí mo bá kú ńkọ́? Bí ahéré bá wó?"

Ọmọ náà ní kò ní yí padà síbẹ̀. Bàbá mi orí, kò sọ bóyá ó dára tàbí kò dára. Ó jókòó, ó bá wa jẹ nínú mọ́ínmọ́ín, ó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́ onígíà.

Nígbà tí a fẹ́ máa padà, fóònù ti kú. Ẹ̀rù ba ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà. Bàbá júwe ọ̀nà fún wa, ó ní kí a gba Ìdí Ẹmì kọjá, bí a bá dé Ẹ̀bá Ayín kí a yà sí òsì, kí a máa lọ tààrà títí a ó fi kan ìrókò kékeré.

"Bàbá, ṣé ayín yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

"Kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ó ti yà."

A yà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni a ṣìnà, ìrókò kékeré ló sì fà á, nítorí pé ó ti di ìrókò ńlá. Òjò pa wá kí a tó kan ọ̀dà, búrèkì mi kọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, mo fi bàtà mi méjèèjì dá kẹ̀kẹ́ dúró bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi wọ Ìsẹ́yìn ní àṣálẹ́, tí àwọn ahunṣọ ti ń ká òwú kúrò nílẹ̀.

Ìyàwó mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnura. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ẹrẹ̀ nìkan ló rí. Ó ní, "Baba, kí lẹ rí mú bọ̀?" Mo tọwọ́ bọ àpò, mo kó ẹmì mẹ́rin jáde, mo kó wọn lé e lọ́wọ́.